Bí Ọmọ Aláta Ìkòsí Ṣe Ta Sìkírábù Dé Báńkọ́kù

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò lè sọdá títì ní Kétu kí ẹnìkan má dá mi dúró. "Ṣẹ̀rí, ìwọ náà ti di ará òkè òkun! Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" Tí mo bá ní ó dára, wọ́n á ní mò ń ṣahun ọ̀rọ̀. Tí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, oòrùn á pa wá síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má retí kí n sọ ti ìwé ìrìnnà àti gbogbo ìlà tí a tò kí wọ́n tó fún wa ní àṣẹ láti wọ̀lú. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì ṣe é, kí Ọlọ́run bá a dín in kù. Ohun tí ojú mi rí, tí mo la ẹnu sílẹ̀ tí mi ò lè pa á dé, ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó kúrò nílé

Ìkòsí ni wọ́n bí mi sí, ata ló sì tọ́ mi. Màmá mi ń ta ata ní Mile 12, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀, fún àwọn tó ń lọ tún un tà ní Mende, ní Iṣẹ́rí Olówóòrà àti káàkiri. Ẹni tó bá wọ ilé wa tí kò sín, a jẹ́ pé imú rẹ̀ ti dí tẹ́lẹ̀ ni.

Ayálégbé kan wà nínú ọgbà wa tó jẹ́ tíṣà, Uncle Fẹ́mi là ń pè wọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Uncle Fẹ́mi a gbé tábìlì sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ta Sìkírábù. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: èèyàn méjì ló ń jókòó kojú ara wọn, wọ́n á máa fa lẹ́tà nínú àpò láìwò ó, wọ́n á sì máa fi to ọ̀rọ̀ Òyìnbó sórí pátákó. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní iye máàkì tirẹ̀. Aago kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Tó bá kàn ọ́, àkókò tìrẹ ló ń lọ. Tí o bá ti ta tìrẹ tán, wàá gbá aago náà lórí, ti ẹnìkejì á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tán kí eré tó parí, wọ́n á máa yọ nínú máàkì rẹ̀ ni.

Mo kéré nígbà yẹn. Mo máa ń dúró sẹ́yìn àga Uncle Fẹ́mi bí ọmọ tó ń retí ẹran. Lọ́jọ́ kan wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní, "Ṣẹ̀rí, ìwọ ńkọ́, kí lo rí níbẹ̀?" Mo na ìka sí ibì kan lórí pátákó. Wọ́n wò ó, wọ́n sì ta á síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ mi. Èmi náà ń ṣe tẹ́ǹ-tẹ́ǹ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi o, ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó ti màmá mi lọ́jà, tí a ń ṣa èyí tó ti rà kúrò nínú ata, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ń ka ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ilé-kéú tó gbé wàláà lẹ́sẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa béèrè pé, "Alhaja, kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Màmá mi á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìwé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Ní báyìí mo ti wà ní yunifásítì. Nǹkan tí mo fi ń gbádùn ara mi kò pọ̀: mo ń di irun fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ń wo bọ́ọ̀lù, mo sì ń ta Sìkírábù. Ìkẹta yìí ló gbé àwọn méjì yòókù mì. Mo ta á fún ilé-ìwé, mo ta á níwájú àwọn ará ìlú mìíràn, títí ìpè fi dé pé kí n wá ṣe ìdíje kan ní Báńkọ́kù, ní ilẹ̀ Táílàǹdì, kí n sì mú Uncle Fẹ́mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì mi.

Inú màmá mi kò dùn sí i, inú wọn kò sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdánwò mi ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣẹ̀rífátù, máa lọ. Mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá lọ tí o ò mú ife kankan bọ̀, pátákó yẹn máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí wàá fi jáde school. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alhaja aláta mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún un sọ. Pátákó yẹn ni gbogbo ìgbà èwe mi. Mi ò mọ irú ẹni tí mo máa jẹ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù yìí ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Àwọn tó ń pa ọwọ́ pọ̀ kí èèyàn

Mo ti rò pé ibi gbogbo tó bá ti ń jẹ́ òkè òkun, òtútù ni. Nígbà tí a bọ́ síta, ooru dì mọ́ mi, ooru tiwa gan-an, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù. Mo yíjú sí Uncle Fẹ́mi.

"Uncle, ṣé ó dá yín lójú pé a ti kúrò ní Lagos báyìí?"

"Fetí sílẹ̀ ná," wọ́n ní.

Mo fetí sílẹ̀. Mọ́tò pọ̀ lọ súà lójú títì, alùpùpù ń kọjá láàárín wọn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè. Kò sẹ́ni tó ń bú ẹnikẹ́ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù mi, mò ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ láàárín èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, orí mi sì wú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ọmọbìnrin kan ló wá pàdé wa. Nok lorúkọ rẹ̀, ó ní ẹyẹ ló túmọ̀ sí lédè wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ni, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó sì tẹrí ba fún Uncle Fẹ́mi títí ìka rẹ̀ fi kan imú. Nígbà tó kàn mí, ó dúró, ó ń wò mí.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ó ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Mo rò ó pé, kí ló kan eléyìí nínú ọjọ́ orí mi? Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, mo sọ fún un. Ni ojú rẹ̀ bá tàn, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba fún èmi náà.

"Ẹ ṣàgbà mi. Píì Ṣẹ̀rí ni màá máa pè yín. Ẹ̀gbọ́n ni píì."

Ó ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn méjì kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó dán mọ́rán láìmọ ẹ̀gbọ́n láìmọ àbúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí n gbé e pọ̀n. Ibi tí mo rìn jìnnà dé, wọ́n ti ń pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n! Ìyá tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àǹtí ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ni. Kò sí ẹni tí wọ́n kàn ń pe orúkọ rẹ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ní ilé tí a dé sí, ọmọ kékeré kan dúró ń wo híjáàbù mi àti ọwọ́ mi tó dúdú, ó wò wọ́n, kò gbé ojú kúrò. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì fọwọ́ pa á lórí bí a ti ń ṣe fọ́mọ nílé. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú. Nok rọra fà mí lápá.

"Píì, a kì í fọwọ́ kan orí èèyàn níbí. Orí ló ga jù lára ẹni."

Ojú gbà mí tì. Èmi ọmọ Yorùbá ni wọ́n wá ń kọ́ ní ohun tí orí jẹ́! Mo padà lọ síwájú obìnrin náà, mo pa ọwọ́ pọ̀ bí mo ṣe rí i tí Nok ṣe é, mo tẹrí ba. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà sì pa ọwọ́ rẹ̀ kéékèèké pọ̀, ó dá mi lóhùn.

Ọmọ aláta pàdé ata

Oúnjẹ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nítorí wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Nok rò ó, ó rò ó, ó wá mú mi lọ sí àdúgbò kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Obìnrin kan tó wé híjáàbù bíi tèmi ló ń tajà níbẹ̀. Ó rí mi lókèèrè. "Àsàlámù aláékúmù!" Mo dáhùn, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Gbólóhùn yẹn nìkan la jọ gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù tí ó tún rí i.

Ó gbé odó jáde. Odó gidi, pẹ̀lú ọmọ odó, àfi pé ó kéré. Ọkàn mi ti fò lọ sọ́dọ̀ iyán. Ni mo bá rí i tó ń da ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n, tí wọ́n ti rẹ́ wẹ́wẹ́, sínú odó. Ìbẹ́pẹ! Ó da tòmátì lé e, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó wá mú ata dání, ó gbé ìka sókè bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé kí òun fi kan sí i, àbí méjì.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Nok sọ fún wọn pé Mile 12 ni mo ti wá, pé màmá mi ló ń ta rodo àti ṣọ̀ḿbọ̀, kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń jẹ tiwọn. Nok wò mí. "Ó dá yín lójú, Píì?" Mo ní ó dá mi lójú. Obìnrin náà mi orí, ó kó ata sí i.

Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Nígbà tí mo bù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kínní, mo rò pé irọ́ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, etí mi dí. Omi bọ́ lójú mi, ó bọ́ nímú mi, mo ń na ọwọ́ sí omi, Nok ń gbà á lọ́wọ́ mi pé omi á tún dá kún un ni. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ dúró wò mí pẹ̀lú àánú. Obìnrin náà sáré gbé àwo mìíràn wá: mángòrò tó pọ́n dáadáa, pẹ̀lú ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ, wọ́n sì da omi àgbọn tó dùn sí i lórí. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ rí láyé mi. Mángòrò àti ìrẹsì! Tí ẹnìkan bá sọ fún mi ní Ìkòsí, mo máa ní kí wọ́n lọ wò ó bóyá ibà ló ń ṣe é. Àmọ́ lójoojúmọ́ ni mo ń padà lọ síbẹ̀, lójoojúmọ́ sì ni obìnrin náà ń gbé ìka kan ṣoṣo sókè, tí á máa rẹ́rìn-ín mi.

Ọba lórí pátákó

Gbọ̀ngàn tí a ti ta eré náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí òpin rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Tábìlì tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù, àwọn arúgbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kí ọ̀kan pé ẹ káàárọ̀ lédè Òyìnbó, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Ó jókòó sí tábìlì, ó sì to ọ̀rọ̀ Òyìnbó gígùn kan sílẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní yunifásítì kò lè mọ̀. Ojú nìkan ni wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ti jókòó, wọ́n kọ́ èdè ẹlòmíràn ní àkọ́sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí eré. Èmi tí mò ń yangàn ní Kétu, mo rí i pé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdíje, wọ́n ní kí a máa bá ara wa ta, kí ara lè yá. Wọ́n fi mí sí iwájú bàbá arúgbó kan, Bàbá Wíchai. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, irun wọn funfun báláú, awò ojú wọn nípọn. A ta á lọ, a ta á bọ̀. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá Wíchai to lẹ́tà mẹ́ta sílẹ̀: O, B, A.

Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta eré náà. Èmi náà ń ta á. Ṣùgbọ́n kí n jókòó ní òpin ayé báyìí kí bàbá kan tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà gbé ọba kalẹ̀ síwájú mi! Mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò lè ta tèmi. Wọ́n rò pé mo fẹ́ jiyàn pé kò sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti fẹ́ na ọwọ́ pe rẹferí.

"Rárá o," mo sọ fún Nok tó jókòó tì wá. "Sọ fún Bàbá pé ọ̀rọ̀ wa ni. Ọ̀rọ̀ ilé wa. Ẹni tó ń jókòó lórí ìtẹ́ ni, tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí a ń kúnlẹ̀ fún."

Nok sọ ọ́ fún wọn. Bàbá Wíchai kò pe rẹferí mọ́. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n wo lẹ́tà mẹ́ta náà bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Wọ́n ní kí Nok sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ń ta eré yìí ni òun ti ń ta ọ̀rọ̀ yẹn, pé òun kàn ń fi dín lẹ́tà ọwọ́ òun kù ni. Òun kò mọ̀ pé níbì kan, àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n wá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n tẹrí ba, kì í ṣe fún mi, fún pátákó.  Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ lè rìn jù èèyàn lọ.

Awò ojú Bàbá

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Mo na àwọn kan, àwọn kan nà mí, mo tún na àwọn mìíràn. Mi ò sùn dáadáa, mi ò jẹun dáadáa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi nìkan ni mò ń rí. Nígbà tó fi máa di eré ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀: ẹni tó bá borí nínú èmi àti ẹni tí wọ́n bá fi kojú mi ló máa gba ife ní ìpele wa. Wọ́n pe orúkọ. Bàbá Wíchai ni.

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ dá mi lóhùn, a jókòó.

Bàbá yìí mọ eré ta. Ìka wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn kò gbọ̀n rárá. Àmọ́ lọ́jọ́ náà ọwọ́ mi ṣe oríire, lẹ́tà gidi ló ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àpò gbẹ, lẹ́tà díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ wa, èmi ni mo ṣáájú. Ó kàn mí láti ta. Àkókò mi kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó tó mi. Mo ti rí ibi tí màá ta á sí. Mo kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Wíchai yọ awò ojú wọn láti nù ún. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó já sílẹ̀, ó yọ̀ lọ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì wá ilẹ̀ bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn.

Ẹ sọ fún mi, ta ni nínú yín tó máa jókòó? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Awò náà ti yọ̀ dé ìdí tábìlì kejì. Mo rá kòrò lọ mú un wá. Ó ti ní eruku, mo fi etí híjáàbù mi nù ún dáadáa. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Bàbá gbà á, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n tẹrí ba fún mi gan-an. Mo wò ó pé àgbà kan kò gbọdọ̀ kí mi bẹ́ẹ̀ kí n dìde lásán, mo tún kúnlẹ̀. Àwọn náà wò ó pé àlejò kúnlẹ̀ fún àwọn, wọ́n tún tẹrí ba. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n tẹrí ba. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dáwọ́ dúró.

Rẹferí ló na ìka sí aago. Àkókò mi ti tán tipẹ́, ó ti ń jẹ nínú máàkì mi.

Mo sáré ta ohun tó kù. A ka máàkì. Èmi ni mo ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ti aago, mo sì di ẹni ẹ̀yìn.

Bàbá Wíchai kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí aago ń lọ, awò ojú kò sí lójú wọn. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n dìde, wọ́n ń bá rẹferí sọ̀rọ̀, wọ́n ń na ìka sí mi. Rẹferí náà tẹrí ba fún wọn títí, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Bọ́tìnì kan wà láàárín aago tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè tẹ̀ kó dá àkókò dúró tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. A ò tẹ̀ ẹ́. Àkókò tó ti lọ kò ṣeé dá padà.

Uncle Fẹ́mi sáré dé. "Ṣẹ̀rí! Clock! O ò dá clock dúró! Ohun tí mo kọ́ ẹ ní first day!"

"Uncle, bàbá àgbàlagbà ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

 Uncle Fẹ́mi fa àga, wọ́n jókòó tì mí. "Mo mọ̀," wọ́n ní. "Mo mọ̀ jàre." 

Nígbà tí wọ́n pín ife, Bàbá Wíchai gba tiwọn, wọn kò dúró ya fọ́tò. Wọ́n gbé e fún Nok, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láàárín gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ dìde, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé e sókè kọjá àyà, kọjá imú, dé iwájú orí, wọ́n sì tẹrí ba.  Nok ń sunkún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lọ́dọ̀ àwọn, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, pé ibi tí Bàbá gbé ọwọ́ dé yẹn, òbí àti olùkọ́ ẹni nìkan ni wọ́n ń gbé e dé ibẹ̀ fún.

Mi ò rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì mọ̀ bóyá màá tún rí i. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́. Ìyanu Bàbá Wíchai wà nínú ẹkún náà. Pátákó mi tó ń lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀.

Mile 12

Ọ̀sán ni mo bá màmá mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń ṣa ata. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n wò mí lókè délẹ̀, wọ́n ní mo ti rù. Lẹ́yìn náà wọ́n wo báàgì mi.

"Ife dà?"

"Mi ò mú un, Mọ́mì."

Wọ́n jókòó padà. "Jókòó, kó o bá mi ṣa èyí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣa ata, mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Mo sọ ti awò ojú, mo sọ ti orúnkún, mo sọ bí a ṣe ń kí ara wa tí aago ń lọ. Wọ́n ń ṣa ata tiwọn lọ, wọn kò wo ojú mi.

"Nígbà tí bàbá yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, aago ta ló ń lọ?"

"Tèmi ni, mà."

"Ìwọ wá lọ sábẹ́ tábìlì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ju ata kan tó ti rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló dé tí o ò tẹ àárín aago kó o tó dìde? Ṣebí tí wọ́n bá ti tẹ àárín ẹ̀, tẹni méjèèjì á dúró ni? Ọjọ́ tí iná lọ, tí ìwọ àti Fẹ́mi ń ta á ní pálọ̀, ṣebí ohun tí Fẹ́mi ṣe nìyẹn?"

Ata tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé tí a bá ń ta á, ẹ̀yìn ni màmá mi kọ sí wa, pé ọjà ọ̀la ni wọ́n ń rò.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ ọ́n ta?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè ta á? Ọmọ mi ló ń ta á, mò ń wò ó."

Oníbàárà kan dé, wọ́n dìde dá a lóhùn. Wọ́n bá a wọn ata rẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀nì fún un, wọ́n padà wá jókòó. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Mọ́mì, pátákó yẹn ńkọ́? Ẹ ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kún." Wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ mìíràn sún mọ́ wa. "Níjọ́ tó o bá tún débẹ̀, kọ́kọ́ tẹ aago. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, kó o wá kúnlẹ̀ dáadáa."